Nígbà Tí Lọ́rì Ìyá Mùsílíù Ń Mu Epo Bí Omi

Ẹ fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ kó irinṣẹ́ yín jọ sábẹ́ igi máńgòrò, kí ẹ wá jókòó tì mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ariwo yín pé ọkọ̀ Táyé ń mu epo, pé epo tó yẹ kó gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde kó sì gbé e padà sílé kì í gbé e kọjá Ọ̀rù mọ́. Mẹkáníìkì ti fi ẹ̀rọ kékeré kan bọ ọkọ̀ náà lára, gbogbo yín sì dúró tì í, ẹ ń wojú gíláàsì rẹ̀ bí ẹni ń retí pé kó pe òun lórúkọ. Ó dára. Èmi ò bá ẹ̀rọ jà. Ìbéèrè kan ni mo ní, Táyé. Ta ló máa ń jókòó níwájú pẹ̀lú rẹ?

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo ń wá. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí n tó sọ ìdí tí mo fi bèèrè. Ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ ló kù díẹ̀ kó má jẹ́ kí n fẹ́ ìyá yín àgbà. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí ni, kò sí ẹyọ kan nínú yín tí ì bá jókòó lábẹ́ igi yìí kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́ lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́, tàwọn ti aṣọ tó tóbi jù wọ́n lọ. Bí ẹ bá kọjá ní Òkè-Ṣọpẹ́n, àdúgbò wa, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkó ni wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì lórí ẹní, tí òórùn rẹ̀ á máa ta lù yín nímú, dírẹ́bà tó bá sì tẹ ẹní olóhun, ó mọ irú èpè tó máa gbọ́. Ọ̀nà ọlọ́dà kò tó nǹkan. Bí ẹ bá ti yà kúrò ní títì gidi, ilẹ̀ pupa ni títí dé etídò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kùn pé ihò wà lójú títì yín, ẹ kò tíì rí ihò.

Ohun tó máa ń dùn mí jù lọ nígbà tí mo bá ronú kan ìgbà náà ni ohùn ọkọ̀ tó ti lọ. Lọ́rì kò pọ̀, nítorí náà gbogbo ayé ló mọ ohùn lọ́rì kọ̀ọ̀kan. Obìnrin á wà nínú ilé ìdáná rẹ̀, á máa ro ìkọ́kọrẹ́, á gbọ́ tí ọkọ̀ kan ń kùn bọ̀ láti ọ̀nà Àtìkorí, á ní, "Lọ́rì báyìí ló ń bọ̀ yẹn, ẹ sáré gbé ẹrù mi síta." Kò ní ṣì í. Ní báyìí, ọkọ̀ tí ẹ ń gùn dákẹ́ bí olóògbé. Wọ́n á ti dé ẹ̀yìn èèyàn kí ó tó mọ̀.

Lọ́rì tí èmi ń wà, Ọpẹ́ Ni ni orúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ sí pátákó iwájú rẹ̀ nìyẹn. Bọ́lẹ́kájà ni, onípákó. Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó àti obì ní Òkè-Ṣọpẹ́n, Bàbá Mùsílíù, ló ni ín. Irin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n rà láti òkè òkun. Gbogbo ara tó kù, títí kan ibi tí dírẹ́bà ń jókòó, káfíńtà kan ní Àgọ́-Ìwòyè ló fi igi kàn án. Bàbá Káfíńtà la máa ń pè é. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ máa wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ọmọ rẹ̀, Ẹ̀sítérì, tó ń gbá ìfọ́ igi jọ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Mo rántí pé mo bi í bóyá ìfọ́ igi náà kì í kó sí i lójú. Ó ní ojú òun kọ́ ló ń kó sí, ojú àwọn tó ń wo òun ló ń kó sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí mo máa gbé lọ tún ṣe lára ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí. Mùsùlùmí gidi ni Bàbá Mùsílíù. Kò dí wa lọ́wọ́. Apá òsì mi níwájú ni ó máa ń jókòó, lójú ọ̀nà etídò tí a ti ń gbé gàrí àti obì lọ sí Abigi, tí a sì ń gbé ẹja gbígbẹ bọ̀. Ó ní búútà kan, funfun, òdòdó aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀, ó sì ní okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́. Omi kànga ilé ara rẹ̀ ló máa ń kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó ní òun ò mọ ohun tó ti wọ inú omi tí òun ò fọwọ́ ara òun fà. Nígbà tí ìrun Àìlà, ìrun ọ̀sán, bá tó, a ó dúró níbi igi kan nítòsí Abigi, á sọ̀ kalẹ̀, á ṣe àlùwàlá, á kírun. Èmi náà á bọ́ bàtà mi, màá gbàdúrà lódìkejì igi. Bí mo bá ṣe àmín sókè jù, á ní, "Dírẹ́bà, Ọlọ́run kò dití o." Màá ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ó dá mi lóhùn kí ọkọ̀ tó tutù ni." A ó rẹ́rìn-ín, a ó wọkọ̀.

Orí ìṣó ni búútà yẹn máa ń wà. Bàbá Mùsílíù fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó náà mọ́ pátákó tó wà ní òkè dáṣíbọ́ọ̀dù, láàárín èmi àti òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkùnrin náà kú. Ikú rẹ̀ dùn mí gan-an, nítorí kò sí ọ̀gá tó bá mi lò bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mùsílíù, wọlé opó, a sì gbé Ọpẹ́ Ni sí ẹ̀yìnkùlé títí ó fi parí rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀, Bàbá Búráímọ̀, ló wá di ẹni tó ń bójú tó gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Èèyàn tó le ni, àmọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní lọ́rì ẹ̀gbọ́n òun kò gbọdọ̀ jáde bí àkísà. Ó pe àwọn tó ń fi ọ̀dà kun ọkọ̀, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé tinú tòde, ó sì ń dán gbinrin bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án.

Nígbà tí Ìyá Mùsílíù bọ́ aṣọ opó, ó ní òun ò ní jókòó sílé máa ka òrùlé. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ lọ sí Abigi láti lọ ra ẹja. Ó jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó pọn omi kànga kún búútà ọkọ rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ síwájú bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń gbé e kọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo wo búútà yẹn tó ń mì dìngbìn-dìngbìn níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n sí, ó dà bíi pé Bàbá ṣì wà nínú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ọpẹ́ Ni ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń mọ̀ nígbà náà. Kò sí iná kankan tó ń tàn pé epo ti ń lọ. Bàbá Búráímọ̀ ní ọ̀pá ọparun kan tó fi ọ̀bẹ fá àmì sí lára. Kí n tó kúrò nílé, á ti ọ̀pá náà bọ inú táńkì, á wo ibi tó tutù dé. Bí mo bá dé, á tún tì í bọ̀ ọ́. Ọ̀pá kì í purọ́ fún un. Nígbà tí mo bá gbé èrò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tí mo padà, ọ̀pá á ní ó dára. Nígbà tí mo bá lọ sí Abigi, ọ̀pá á jáde ní gbígbẹ fúrúfúrú.

Ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó yọ ọ́, ó wò ó, ó wá wò mí. Ó ní, "Dírẹ́bà, ṣé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Abigi kì í fi epo sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn ni?"

Mo ní, "Wọ́n ń fi sí i, Bàbá."

Ó ní, "Ibo ni wọ́n ti ń rí i rà?"

Ó yé mi. Ohun tó ń sọ ni pé mo ń fi rọ́bà fa epo inú táńkì tà fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ó ní kí n gbé Bíbélì mi wá kí n búra. Mo sọ fún un pé wọn kì í búra ní ìjọ tiwa. Ó mi orí, ó ní òun ti mọ̀ pé ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Ó ní bí Iléyá bá dé tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì lójútùú, wọ́n máa ta lọ́rì náà, èmi á sì máa lọ sílé mi.

Ká ní iṣẹ́ nìkan ni, èmi ì bá wá iṣẹ́ míì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí Òkè-Ṣọpẹ́n. Àwọn èrò gbé e dé Ọ̀rù, láti Ọ̀rù ó dé Àgọ́-Ìwòyè kí n tó débẹ̀. Nígbà náà, a ti mọ ara wa nílé, àwọn ẹbí mi ti lọ tọrọ Ẹ̀sítérì, ó ku ìdáná. Bàbá Káfíńtà fi mí jókòó sórí àga, ó fún mi ní omi mu, ó wá ní, "Mi ò sọ pé o jalè. Àmọ́ mi ò lè fi ọmọ mi lé ẹni tí wọ́n ń pè lólè lọ́wọ́. Jẹ́ ká dúró di ẹ̀yìn Iléyá. Ohun tí wọ́n bá sọ nílé ọ̀gá rẹ, òun ni màá tẹ̀ lé."

Ẹ̀sítérì tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Ṣé o fa epo?"

Mo ní, "Mi ò fà á."

Ó ní, "Ó ti tán. Lọ wá ohun tó ń fà á." Ó yí padà, ó wọlé. Kò sunkún, kò sì sọ pé pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bó ṣe rí títí tó fi sùn nínú Olúwa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi ró ju gbogbo ìtùnú lọ.

Ẹni kejì tó gbé mi ró ni Ìyá Mùsílíù. Nígbà tó gbọ́ ohun tí àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ, ó ró ìró rẹ̀ le, ó lọ bá a nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Inú ọkọ̀ kan náà ni èmi àti ọmọ yìí jọ ń wà. Ojú mi kò fọ́. Láti òní lọ, kò sí ibi tí lọ́rì yìí máa lọ tí mi ò ní sí níwájú rẹ̀. Èmi ni ẹlẹ́rìí rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ìbáà jẹ́ Ọ̀rù tó wà nítòsí yìí, Ìyá á wọkọ̀, á gbé búútà rẹ̀ kọ́, á jókòó ṣinṣin.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde tí ọkọ̀ kì í ti í mu epo tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún níbẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ mi wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ní mo ti fi nǹkan bo Ìyá lójú, pé ojúkorojú rẹ̀ ni mo ti ń fa epo tí kò sì rí i. Àwọn tó máa ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ tí mo bá ń kọjá.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá Làmídì, mẹkáníìkì tó wà ní oríta Ọ̀rù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà, ẹ gbọ́ bí Làmídì ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbá abẹ́ ọkọ̀ mọ́, ó da iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ síbẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Bí epo bá ń jò, iyẹ̀pẹ̀ á sọ. Iyẹ̀pẹ̀ gbẹ táútáú. Ó fi irin gbá táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ àṣejù. Afẹ́fẹ́ pé. Ó ní kí n wa ọkọ̀ lọ kí n sì padà, ó wá fọwọ́ kan ìdí àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá ó gbóná. Bí bíréèkì bá ń di ẹsẹ̀ mú láìjẹ́ pé èèyàn tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á gbóná, ọkọ̀ á sì máa wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wọ bàtà tó fún. Kò gbóná.

Ìgbà tó tú pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo jáde ni ó fé súfèé. Pọ́lọ́ọ̀gì tó dára máa ń ní àwọ̀ bíi ti obì gbígbẹ. Èyí dúdú kirikiri, èédú bò ó. Ó fi hàn mí, ó ní, "Wò ó. Epo tó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í jó tán, òun ló ń di èéfín." Òótọ́ ni, nítorí èéfín dúdú ni Ọpẹ́ Ni máa ń tú jáde bí a bá ń lọ sí Abigi, tí àwọn tó jókòó lẹ́yìn á máa wúkọ́. Làmídì fọ àwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó tú kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ó fi ẹnu fẹ́ gbogbo ojú ihò rẹ̀, ó tò ó padà. Èmi àti òun jọ wà á lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, a wà á padà. Kò sí èéfín. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Mo dìrọ̀ mọ́ Làmídì lọ́rùn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí Ìyá wọkọ̀ tí a jáde, èéfín dúdú.

Làmídì bínú. Ó tú ọkọ̀ náà títí ó fi sú u. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ọkọ̀ tó máa ń dára lọ́wọ́ òun tó sì máa ń ṣàárẹ̀ lọ́wọ́ onílé rẹ̀. Ohun kan tún wà tí a jọ ń sọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá ń bọ̀ láti Abigi, ọkọ̀ a máa dára díẹ̀. A ní ẹja fúyẹ́ ju gàrí lọ ni. Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe máa ń tètè rí àlàyé?

Iléyá wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àgbò ti ń ké ní gbogbo ilé Mùsùlùmí, àwọn aránṣọ kò rójú. A jáde lọ sí Abigi fún ìgbà ìkẹyìn ṣáájú ọdún náà, ọkọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Mo ti sọ fún ara mi pé nígbà tí mo bá dé, màá kó ẹrù mi. Abiyamọ kan tó gbé ọmọ jòjòló bẹ Ìyá pé kí ó jẹ́ kí òun jókòó níwájú nítorí èéfín, Ìyá sì sún fún un. Èmi ń wakọ̀, èéfín ń tú lẹ́yìn, ọkọ̀ ń lọ gọ́rọ-gọ́rọ bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. A dé ìsàlẹ̀ òkè kan, mo ń tẹ̀ ẹ́ kó gùn ún, kò fẹ́ gùn ún.

Abiyamọ yẹn ní ara ọmọ òun ti gbóná jù. Ìyá kò ní kí n dúró. Ó yọ búútà rẹ̀ kúrò níbi tó gbé e kọ́ sí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti nǹkan kan wọlé níbẹ̀, bí ẹni ń ti àpótí, ó sì bu omi sí ọwọ́ láti fi ra orí ọmọ náà. Níbi tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ohùn ọkọ̀ yí padà. Gọ́rọ-gọ́rọ dáwọ́ dúró. Ọpẹ́ Ni kùn mọ́lẹ̀, ó sì gun òkè yẹn bíi pé kò gbé nǹkan kan.

Mo yíjú wo pátákó tó wà láàárín èmi àti Ìyá. Ẹ má gbàgbé pé búútà máa ń bo ibẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí ibẹ̀ ní ìhòòhò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí Ìyá wà nínú rẹ̀. Ìṣó kò sí níbẹ̀. Ibi tí ìṣó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀dà àwọ̀ ewé ti dí ihò rẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni kókó ṣóòkù, lára rẹ̀ ni Ìyá ti ń gbé búútà kọ́.

Ẹ̀yin ò mọ ṣóòkù mọ́, ọkọ̀ yín ń ṣe é fúnra rẹ̀. Kókó kékeré kan ni, ó ní wáyà lẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, èèyàn á fà á jáde, á dín afẹ́fẹ́ kù, epo á sì pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ṣí. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná, èèyàn á tì í wọlé. Bí ó bá gbàgbé tí kò tì í wọlé, ọkọ̀ á máa mu epo bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ.

Mo rọra ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé búútà yẹn kọ́ padà."

Ó gbé e kọ́. Ọkọ̀ jó wọ ihò kan, ó jó wọ òmíràn, búútà tó kún fún omi ń fà, kókó ṣóòkù sì ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Gọ́rọ-gọ́rọ padà dé.

"Ẹ yọ ọ́, Ìyá."

Ó yọ ọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti kókó náà wọlé bó ṣe máa ń ṣe, nítorí obìnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò ni. Ohùn mọ́ gaara. Òun náà ti gbọ́ ọ. Ó gbé búútà náà lé itan rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mò ń fa epo náà. Èmi tí mo ní mò ń ṣe ẹlẹ́rìí rẹ."

Mo ní, "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Abiyamọ yẹn ń wo àwa méjèèjì, kò mọ ohun tó dé bá wa. Ọmọ rẹ̀ ti sùn, ara rẹ̀ ti tutù. Gbogbo ohun tó rú wa lójú ló tò kalẹ̀ níwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ń bọ̀ láti Abigi, Ìyá ti fi omi búútà ṣe àlùwàlá, ó ti ṣófo, kò lè fa ohunkóhun. Bí èmi àti Làmídì bá wà á, kò sí búútà nínú ọkọ̀. Bí ó sì ṣe pinnu láti máa bá mi lọ gbogbo ibi kí ó lè gbà mí là, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ohun tó ń mu epo náà lọ gbogbo ibi.

Nígbà tí a dé ilé, Bàbá Búráímọ̀ ti ọ̀pá bọ táńkì. Ó yọ ọ́, ó wò ó pé epo ṣì wà níbẹ̀, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ìyá ní kó fi ọ̀pá sílẹ̀, pé ó di ọjọ́ Iléyá kí òun tó ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí wọ́n ti dé láti yídì tí wọ́n ti dú àgbò, tí gbogbo ẹbí pé, Ìyá ní kí n gbé Ọpẹ́ Ni wá sí ojúde. Ó ní kí n ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ kó máa kùn. Ó pe gbogbo wọn jáde, ó gbé búútà kọ́ bó ṣe máa ń gbé e kọ́, ó ní kí àwọn géńdé mi ọkọ̀ náà bí ọ̀nà ṣe máa ń mì í. Èéfín dúdú bo ojúde. Ó yọ búútà, ó ti kókó wọlé, ojúde mọ́. Ó tún ṣe é. Ó ní, "Ẹni tó ń mu epo yín rè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ọmọ yìí ní olè mọ́."

Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Búráímọ̀ ya kúrò láàárín wọn. Ó gun inú ọkọ̀ lọ, ó ń fi ìka pa pátákó náà níbi tí ọ̀dà ti dí ihò ìṣó. Ó ní, "Ìṣó kan wà níbí."

Ìyá ní, "Ta ló yọ ọ́?"

Ó ní, "Èmi ni." Ó tún fọwọ́ kan pátákó náà. "Nígbà tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, mo wọ ibí, mo rí ìṣó yẹn, mo sì rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí rẹ̀. Mi ò lè máa wò ó. Mo ní kí wọ́n bá mi yọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ta ló fẹ́ bá a wí? Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú kí ó yọ ọ́, ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ ló sì mú kí Ìyá gbé búútà sí ibi tó ti mọ̀ ọ́n sí. Èmi náà, ohun tó ti mọ́ ojú mi lára ló ń rí. Bàbá Búráímọ̀ ṣí fìlà lórí, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ó má baà máa bẹ̀ mí lọ. Ó ní kí n dìde. Ó ní kí wọ́n di itan àgbò kan, kí a máa lọ sí Àgọ́-Ìwòyè nísinsìnyí, pé ẹnu tí òun fi bà mí lórúkọ jẹ́ ni òun fẹ́ fi tún un ṣe.

Òun ló jókòó níwájú lọ́jọ́ náà. Búútà kún fún omi, ó gbé e lé itan, ó sì dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí a fi dé.

Bàbá Káfíńtà ń fá pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí a dé. Bàbá Búráímọ̀ kò jókòó. Ó ní, "Ọmọ yìí kò fa epo. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣì í sọ." Ó ṣàlàyé ìyókù, láti orí ìṣó dé orí búútà. Bàbá Káfíńtà gbọ́ ọ tán. Ó gbọn ìfọ́ igi kúrò lára, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo rò pé ó ti pẹ́ jù ni.

Ó jáde pẹ̀lú hámà àti ìṣó gígùn kan. Ó lọ tààrà sí ìdí Ọpẹ́ Ni, ó gun inú rẹ̀, ó wá ojú ihò àtijọ́ náà lábẹ́ ọ̀dà, ó sì kan ìṣó mọ́ pátákó tí ọwọ́ ara rẹ̀ ti kàn síbẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó gba búútà lọ́wọ́ Bàbá Búráímọ̀, ó gbé e kọ́, ó fà á wò. Kò mì. Kókó ṣóòkù wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀, nǹkan kan kò kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dúpẹ́ ohun púpọ̀ láyé mi. Mo dúpẹ́ Ìyá Mùsílíù tó fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí mi nígbà tí ojú gbogbo èèyàn kọ̀ mí. Mo dúpẹ́ Bàbá Búráímọ̀ tó lè sọ pé òun ṣì í sọ, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lè sọ ọ́ títí wọ́n fi kú. Mo dúpẹ́ abiyamọ yẹn tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Àmọ́ nínú gbogbo ohùn ayé àtijọ́ tí mo ní ó ń dùn mí pé ó ti lọ, èyí tí mi ò tíì gbàgbé ni ti Bàbá Káfíńtà, bó ṣe yọjú láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú hámà lọ́wọ́, tí Ẹ̀sítérì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìfọ́ igi nínú irun rẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ Ẹ̀sítérì, ṣí ẹ́ńjìnnì, ká gbọ́ ohùn rẹ̀."